Níbo Ni Ọmọ Ọdún Márùn-ún Yóò Jókòó Sí? Ìtàn Kíláàsì Ọmọ Wẹ́wẹ́ Láti Lọ́kọ́ja Dé Felele

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ẹ̀kọ́, mo bi wọ́n pé ẹ̀kọ́ wo? Akọ̀wé wa dáhùn pé èyí tó bá wù mí ni, ṣùgbọ́n kí n jọ̀wọ́ má kọ nípa yunifásítì, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ ìyẹn tó. Mo wá yan ìsàlẹ̀ pátápátá: kíláàsì àwọn ọmọ tí kò tíì tó ìwé kìíní, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Kò sọ pé kí ọmọ kàwé, kò sì sọ pé kí ọmọ ṣeré. Ilé ló ní kó sinmi. Ariwo ọmọ ni wọ́n ń sá fún. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń retí kí n pa òwe ìrókò tí à ń pẹ̀ka rẹ̀ ní kékeré, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, n kò ní fi í dá yín dúró. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ojú tí a fi sọ orúkọ yìí náà ni ìjọba àti àwa òbí fi wo kíláàsì yìí fún ìgbà pípẹ́: ibi tí à ń fi ọmọ pamọ́ sí títí ìwé gidi yóò fi bẹ̀rẹ̀. A ti ní in rí lágbègbè wa, a sọ ọ́ nù, òfin sì dá a padà fún wa, ṣùgbọ́n ìlàjì ló dá padà. Ìlàjì tó kù ni mo bá dé iwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìwé ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. William Balfour Baikie, dókítà ọkọ̀ ojú omi ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló tẹ ibùdó sí Lọ́kọ́ja ní nǹkan bí ọdún 1860. Nígbà tó di 1865, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther dá ilé-ìwé Holy Trinity sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo àríwá Nàìjíríà. Crowther fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ìwé jẹ́ fún ọmọ. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó lọ sí ilé-ìwé, ó lọ tọrọ ìdajì kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ìlú rẹ̀ kan, ó fi ra káàdì tí wọ́n kọ lẹ́tà ABD sí. Lóòótọ́, ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà, kì í ṣe ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ìkánjú yẹn, ìkánjú ọmọdé ni.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa bàbá yìí, nítorí a ó padà sórí rẹ̀. Kó tó di pé ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, ó ti ṣe ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ìkàwé ní èdè Ìgbò ní 1857, ó sì ti ṣe ti Nupe ní 1860. Èdè tí ọmọ ń gbọ́ nílé ló kọ́kọ́ múra sílẹ̀, kí àga àti bẹ́ǹṣì tó dé.

Lọ́kọ́ja di ìlú ńlá lójú ayé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, nígbà tí Lugard gbé àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè níbẹ̀ tó sì kéde ìjọba Àríwá. Ṣùgbọ́n kò pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi kó olú ìlú lọ sí Zungeru, ìwé kò sì tètè gun òkè dé ọ̀dọ̀ àwa ará oko.

Ní ilé-ìwé àwọn ìjọ nígbà náà, ọmọ kì í ṣàdédé bọ́ sí Sítándáàdì kìíní. Ó ní láti kọ́kọ́ ṣe ọdún méjì ní Ìfáńtì, Ìfáńtì kìíní àti ìkejì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìka kọ lẹ́tà sínú iyanrìn, tí wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ kọ́ ìṣirò, tí wọ́n sì ń kọ́ bí a ṣe ń tò wọlé láìti ara ẹni. Èdè ilé ni olùkọ́ ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ láàrin wa yóò rántí bí àwọn òbí wa ṣe ń sọ ọ́ pé, “Ìfáńtì lásán lo ṣì wà, o ti ń gbéra ga!” Ìfáńtì yẹn ni jẹ́lé-ó-sinmi tí a kọ́kọ́ ní. Kò dá dúró, abẹ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà, olùkọ́ kan náà, ọ̀gá kan náà, orúkọ ọmọ sì ti wà nínú rẹ́jísítà.

Báwo ló ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa? Ohun rere ló fà á. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Láti lè gba gbogbo ọmọ tó ń rọ́ wọlé, wọ́n sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọdún mẹ́fà, Ìfáńtì sì parẹ́. Ní Àríwá tí àwa wà, ọdún méje ni tiwa, ṣùgbọ́n Ìfáńtì kò pẹ́ lọ́dọ̀ wa náà. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà, tí a ń pè ní UPE, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976. Ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́fà ni kó wá. Ṣùgbọ́n ta ló ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí?

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn ọjọ́ orí. Kí ọmọ gbé apá ọ̀tún kọjá lórí, kí ó fi kan etí òsì. Bó bá kàn án, ó ti tó. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé. Èmi ni mo mú àbúrò mi lọ lọ́dún yẹn, nítorí pé mo ti wà ní girama, ìyá wa sì ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà, kò ráyè. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan etí. Ó tiẹ̀ fi ọgbọ́n tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, olùkọ́ rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó di èèmíràn, ọmọ mi.” Ó sunkún títí a fi délé. Fún ọdún kan gbáko, abẹ́ àtẹ ẹja ló jókòó sí. Nígbà tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo pè é lórí fóònù, mo bi í pé kí ló rántí nípa ọdún yẹn. Ó ní òun máa ń na apá òun lálaalẹ́ kó lè gùn.

Mo ń sọ ìtàn yìí torí pé ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n dá padà, níbo ló ń lọ? Ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ gbé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n dárúkọ ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n sọ ohun tó dára fún un, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ta ni yóò dá a sílẹ̀, wọ́n ní àwọn aládàáni ni ìjọba yóò gbà níyànjú. Báyìí ni jẹ́lé-ó-sinmi ṣe di ọjà. Nígbà tí nǹkan le ní àárín ọdún 1980 sókè, tí owó oṣù olùkọ́ kò tó ná mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pálọ̀ wọn di nọ́sìrì. N kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè san owó ni ọmọ rẹ̀ ń jókòó níbẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ láti ara Kwárà àti Benue. Mo wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kó láti Ilorin wá sí Lọ́kọ́ja, àwa àti páálí fáìlì wa. Kò sí ilé tí a ó yá. Báyìí ni ilé ṣe ń pọ̀ lọ sí àwọn ẹ̀yìn ìlú, Felele sì wà lára wọn, létí títì Abuja. Oko ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí. Àwa tí a ń gba owó oṣù gbé nọ́sìrì aládàáni lẹ́yìn wá bí ìgbín ṣe ń gbé ìkarahun. Ọmọ ẹni tí a bá lóko ńkọ́? Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà, nínú oko ẹ̀gẹ́, tàbí abẹ́ àtẹ bíi ti àbúrò mi.

Ibí yìí ni òfin dé. Ní 1999, ní Sokoto, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ṣí ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tí a mọ̀ sí UBE. Ní 2004 ni ó di òfin. Èmi jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn láti ka òfin láti ẹ̀yìn wá síwájú, nítorí ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń to ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí. Nínú ìtumọ̀ yẹn, abala 15, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ wà lára ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Inú mi dùn. Mo wá ṣí iwájú padà, abala 2, níbi tí wọ́n ti ka ojúṣe sí ìjọba lọ́rùn. Ọmọ tó tó alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọmọ tó tó girama kékeré ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀ pé kí ìjọba fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan. Ọmọ wẹ́wẹ́ kò sí níbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí àkójọ àwọn àlejò, ṣùgbọ́n wọn kò gbé àga kalẹ̀ fún un.

Owó náà sì bá a mu bẹ́ẹ̀. Òfin ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ohun tí kò dín ní ìdá 2 nínú 100 owó àpapọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ètò yìí. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ nínú owó àjọmúṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé iye kan náà kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá pín owó yìí sí ìsọ̀rí, ìdá 60 nínú 100 lọ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdá 35 fún girama kékeré, ìdá 5 péré ló kù fún ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó nínú ìpàdé bọ́jẹ́ẹ̀tì rí mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìdá 5. Òun ni wọ́n fi ń kun ọ̀dà.

N kò ní parọ́ mọ́ ìjọba pé kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n pàṣẹ pé kí ilé-ìwé ìjọba ní kíláàsì ọmọ wẹ́wẹ́ nínú ọgbà rẹ̀. Àtúnṣe ìlànà tó jáde ní 2013 sì sọ ọ́ di pé kí ọmọ ọdún márùn-ún ṣe ọdún kan kó tó wọ ìwé kìíní, kí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ lè di ọdún mẹ́wàá. Ẹ ò rí i pé Ìfáńtì ló padà wá? Abẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá kan náà, rẹ́jísítà kan náà. Ó gbà wá tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún láti yí po dé ibi tí a ti gbéra. Síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí UNICEF ti kọ ọ́, ìdá 35.6 péré nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàrin ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló ń rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gbà.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì, mo lọ wo kíláàsì kan bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Ìlànà ní olùkọ́ kan sí ọmọ 25. Mo ka ọmọ 61, olùkọ́ obìnrin kan ṣoṣo. Àga kò sí, ẹní ni àwọn ọmọ ń gbé wá láti ilé. Ìgbà yẹn jẹ́ ìgbà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Kogi ń gba apá kan owó oṣù wọn dípò odindi. Mo ti múra láti káàánú. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn ti ṣa ìdérí ìgò kún báàgì kan, ó pín wọn fún àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n tò wọ́n ní méjì-méjì, kí wọ́n wá sọ èyí tó ṣẹ́kù. Ọmọ kékeré kan gbé ẹyọ kan sókè, ó pariwo pé, “Èyí ò lẹ́nìkejì!” Ohun tí ẹ̀ ń pè ní ìṣirò nìyẹn. Mo bi olùkọ́ pé kí ni ìṣòro rẹ̀ gan-an, mo rò pé yóò ní owó. Ó ní, “Bàbá, wọ́n máa ń wá mú wọn lọ ní sáà kejì. Wọ́n ní eré ni mò ń bá wọn ṣe.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára, nítorí pé èmi náà ti sọ irú rẹ̀ rí nípa ọmọ tèmi. Àwọn ará Ghana, tí wọ́n fi ọdún méjì ti ọmọ wẹ́wẹ́ kún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wọn ní 2007, ti bá ohun kan náà pàdé. Láti 2015, àwọn olùwádìí ṣe iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé 240 ní agbègbè Accra, ti ìjọba àti ti aládàáni pọ̀. Níbi tí wọ́n ti dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń fi eré kọ́ ọmọ, àwọn ọmọ gbéra sókè. Níbi tí wọ́n ti fi ìpàdé òbí kún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, èrè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé òbí kò lè ba ẹ̀kọ́ jẹ́, ẹ ronú sí i. Èrò tèmi ni pé òbí tó ti pinnu pé lẹ́tà lórí pátákó nìkan ni ìwé kì í tètè yí ọkàn padà nípasẹ̀ ìpàdé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ìlú Ypsilanti ní Amẹ́ríkà, láti 1962, wọ́n tẹ̀lé ọmọ 123 láti ilé tálákà, àwọn kan lọ sí irú kíláàsì eré yìí, àwọn kan kò lọ. Wọ́n tẹ̀lé wọn títí wọ́n fi pé ogójì ọdún. Àwọn tó lọ ni wọ́n parí girama jù, àwọn ni wọ́n ń pa owó jù, àwọn ni ọlọ́pàá mú kéré jù.

Ó ku èdè. Ìlànà ọdún 1977 yẹn ti ní èdè ilé tàbí èdè àdúgbò ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹ̀rí sì wà fún un lọ́dọ̀ Yorùbá. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò kẹ́yìn, wọ́n tilẹ̀ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, kí Gẹ̀ẹ́sì padà di èdè ìkọ́ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìdí tí wọ́n fún wa ni pé ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò. N kò gbà bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé Crowther kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Felele kò rọrùn bí Ifẹ̀. Yorùbá wa, Oworo, Nupe, Ebira, Igala, Bassa àti Hausa lè pàdé lórí ẹní kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí olùkọ́ má fi èdè ọmọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò sì sí èyí tó ní kí àwa má sọ ọ́ sí i nílé.

Mo fi èyí tó ṣòro jù láti kọ sí ìkẹyìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ọkọ̀ agbépo kan já ìjánu lórí títì ní Felele, ó kọlu àwọn ọkọ̀ mìíràn, ó gbiná. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ka òkú 23. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì wà nínú wọn, àwọn ọmọ kéékèèké tó ń lọ sí ilé-ìwé wà nínú wọn. N kò ní ṣe àpèjúwe rẹ̀, àwọn tó pàdánù ènìyàn wọn lè máa ka ìwé yìí. Láti ọjọ́ yẹn, nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé nọ́sìrì wo ló dára jù, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé apá ibo títì ni ilé yín wà. À ń gbé ọmọ ọdún mẹ́rin sórí ọ̀kadà, à ń kọjá níwájú tírélà tó ń sáré bọ̀ láti Abuja, nítorí ibi tí wọ́n ti ń wọ ṣọ́ọ̀sì funfun. Bí kíláàsì ìjọba bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tiwa, tí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ wò ó kí a tó kọ̀ ọ́. Bí olùkọ́ ibẹ̀ bá jẹ́ ẹnì kan sí ọmọ 61, ẹgbẹ́ tó lè yá gbọ̀ngàn tó sì lè tẹ ìwé bí èyí lè fún un ní olùrànlọ́wọ́ kan àti ẹní mẹ́wàá.

Mo ti bá akọ̀wé sọ̀rọ̀, ó sì ti gbà. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lórí tábìlì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí yóò pé ọdún márùn-ún kí ilé-ìwé tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, kó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kó kọ ọjọ́ tí a bí i, èdè tó ń sọ nílé, àti ẹ̀gbẹ́ títì tí ilé wà. Àwa mẹ́ta tí a ti fẹ̀yìntì ni yóò gbé e lọ bá àwọn ọ̀gá ilé-ìwé kí sáà yìí tó parí. Ẹ má ṣe wọn ọwọ́ àti etí fún wa, ọjọ́ ìbí nìkan ni kí ẹ kọ.